Agogo Tí Wọ́n Fi Koríko Dí Lẹ́nu

Kángó, kángó, kángó. Bí agogo ọrùn akọ àgbọ̀nrín wọn ti máa ń ké nìyẹn, láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé òdìkejì adágún Gálgo, nígbà tí Issát ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi awọ wé e mọ́ inú ọkọ̀ onípákó tí ẹranko náà ń fà lórí yìnyín, bí ẹni di ẹrù. Orí ohùn agogo yẹn ni oorun ti máa ń gbé e lọ. Ohun tó sì máa ń jí i ni kí ohùn náà dá. Ìyá wọn á ti fa ìjánu, á ti sọ̀ kalẹ̀, á ti fa koríko díẹ̀ yọ láti inú bàtà ara rẹ̀, koríko gbígbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà kí òtútù má baà jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀, á sì máa ki í bọ agogo lẹ́nu títí ahọ́n rẹ̀ kò fi ní lè mì mọ́. Nígbà náà ni Issát á mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tó máa ń jó lóru ní àríwá ti kún ojú sánmà.

Wọ́n á tún gbéra. Kò sí ohun tó ń dún mọ́ àfi iṣan ẹsẹ̀ ẹranko náà tó ń ta kẹ́, kẹ́, kẹ́ bó ti ń rìn. Lókè, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé á máa sáré kiri bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ gbé lórí okùn, etí rẹ̀ á pọ́n. Ìyá wọn á fa ṣáàlì bo irun rẹ̀ dáadáa, á tẹrí ba. Risten, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, náà á ṣe bẹ́ẹ̀.

“Má wo ojú rẹ̀,” ni ìyá wọn á wí. “Má súfèé, má nàka sí i. Ó ń gbọ́.”

Bí ìmọ́lẹ̀ náà kò bá ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ bí ọrun ọdẹ, tó tẹ̀ láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn tó sì dúró jẹ́ẹ́, èèyàn lè wò ó, agogo lè máa dún lọ. Ìgbà tó bá fọ́ káàkiri, tó ń jó lórí èèyàn, ló di ojú àgbà tí a kì í tẹjú mọ́.

Bẹ́ẹ̀ títẹjú mọ́ ọn ni iṣẹ́ tí Issát wá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe.

Ó kàwé lọ sí gúúsù, ó sì fìdí kalẹ̀ sí ìlú Oulu. Nílé ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú àwọn kámẹ́rà tó tò lọ sí àríwá bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ojú kan ṣoṣo tó yọ roboto bí ojú ẹja, tó ń wo gbogbo sánmà lẹ́ẹ̀kan náà láti abẹ́ dígí tó dà bí àwokòtò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, nínú àpótí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tó ń wọn agbára òòfà ilẹ̀, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ náà bá gbọ̀n lókè, òòfà ilẹ̀ náà á gbọ̀n nísàlẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì ní tiwọn ń ti gúúsù bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń la òkè ìmọ́lẹ̀ náà kọjá bí ẹni la odò kọjá, wọ́n ń wọn iná tó ń ṣàn nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń ya àwòrán rẹ̀ láti òkè. Ohun tí gbogbo wọn ń wá ni ìgbà tí sátẹ́láìtì bá wà lókè, tí ìmọ́lẹ̀ wà láàárín, tí kámẹ́rà wà nísàlẹ̀, tí ojú sánmà sì mọ́. Ẹni tó bá rí i lókè nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Ẹni tó rí i nísàlẹ̀ nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni.

Kámẹ́rà tó jìnnà jù lọ sí àríwá wà nínú àgbàlá ilé ìyá rẹ̀, níbi tí Risten nìkan ṣẹ́kù sí. Issát ló gbé e síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Tuulikki tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ọmọbìnrin tí Issát ti kọ́ níṣẹ́ nígbà kan rí, pè é wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n Issát, ẹ jókòó. Kámẹ́rà ilé yín yìí ń dà mí láàmú.”

“Kì í sùn ni?”

“Ó ń sùn jù ni. Ẹ wo ibí.” Ó yí kọ̀ǹpútà sí i. “Bí ọrun ìmọ́lẹ̀ bá rọra dúró, ẹ wò ó, ó mọ́ bí ìlà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà. Ó dára. Sátẹ́láìtì wá kọjá, ìmọ́lẹ̀ fọ́ káàkiri, àwòrán tòkè funfun báláú. Ti ilé yín ńkọ́?”

“Dúdú.”

“Dúdú bí inú ìkòkò. Ìgbà òtútù tó kọjá, bẹ́ẹ̀. Tèyí tó ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ‘kùrukùru’ sí gbogbo rẹ̀. Mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n kùrukùru wo ló ń dúró de sátẹ́láìtì, ẹ̀gbọ́n?”

“Bóyá òtútù ni. Bóyá ẹ̀rọ ń kú.”

“Òtútù tó mọ ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ máa le.” Ó mí kanlẹ̀. Ó rẹ òun náà. “Àwọn tó ń fowó sí iṣẹ́ yìí ń pàdé lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ti rí orí òkè kan ní ẹ̀gbẹ́ Norway, ọ̀nà wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀. Ẹ bá mi lọ wo kámẹ́rà yẹn. Kí n tó wọlé bá wọn, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi: ó ń ṣiṣẹ́, tàbí kò ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á gbé ibùdó yẹn kúrò.”

Issát dìde. Ohun tí Tuulikki kò mọ̀, tí òun mọ̀ bí orúkọ ara rẹ̀, ni pé ọrùn kámẹ́rà yẹn ni wọ́n so ọ̀nà ilé Risten mọ́. Katakata ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gbá yìnyín kúrò láti oríta títí dé àgbàlá rẹ̀, kì í ṣe nítorí arúgbó obìnrin kan, nítorí ibùdó ìwádìí ni. Bí ibùdó bá lọ, katakata á máa yí padà ní oríta. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí Sámmol, aládùúgbò wọn ní òdìkejì adágún. Wọ́n dá ọ̀nà rẹ̀ dúró, nígbà tó ṣe wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó nílùú, ó sì jókòó síbẹ̀ di òní, ní ojú fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Risten lọ kí i lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó padà dé, ó pe Issát lórí fóònù.

“Àwọn ọkọ̀ pupa ló ń kà,” ni ó wí. “Bí wọ́n bá fẹ́ gbé mi lọ síbẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn fún mi bí wọ́n ti ń ṣe fún ajá tó ti darúgbó.”

Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́.

Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí àríwá gba odidi ọjọ́ kan. Issát sùn, ó jí, ó sùn. Igi ń kúrú sí i lẹ́bàá ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ń kéré sí i, títí oòrùn kò fi yọ mọ́ rárá. Eékún ń dùn ún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ilé rẹ̀ ní Oulu wà ní àjà kẹta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kún fún bàtà tí kò lò. Ní tòótọ́, kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀ níbì kankan àfi Risten, Risten ti ń retí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ débi pé kò mẹ́nu bà á mọ́.

Ní oríta, Reijo tó ń wa katakata ìjọba ìbílẹ̀ dúró dè é, iná ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n! Gòkè wá. Áà, ìwọ náà ti di arúgbó pátápátá.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi ti di arúgbó tipẹ́, ó ti mọ́ mi lára. Tìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ìdí nìyẹn tó fi hàn lójú rẹ.” Ó ti abẹ katakata sílẹ̀, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ìgbì omi. “Wọ́n ní wọ́n fẹ́ gbé ojú ńlá yẹn lọ.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá gbé e lọ, ibi tí mo ti gbé ọ yẹn ni màá ti máa yí padà. Àṣẹ ni, Issát, kì í ṣe èmi.”

“Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ?”

“Kí ni Risten kì í gbọ́?”

Issát wo ojú ọ̀nà. “Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó láti gbá a dé ilé?”

“Fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, ife kọfí kan. Fún irú ẹ̀yìn tìẹ yẹn, odidi kẹ́tùlù.” Ó rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀. “Katakata Dommá ṣì wà nínú àká yín, àbí? Eku ni wọ́n ní ó ń wà á báyìí.”

Dommá ni arákùnrin wọn tó wà láàárín, tó ti kú.

Risten kò jáde. Ó sọ̀rọ̀ láti inú ilé ìdáná nígbà tó gbọ́ ilẹ̀kùn.

“Ta nìyẹn? Ìjọba ni àbí àlejò?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Issát.”

“Issát wo? Ṣé èyí tó ní òun ń bọ̀ nígbà tí èso igbó bá pọ́n? Èso yẹn ti pọ́n, ó ti rẹ̀, ẹyẹ ti jẹ ẹ́.”

“Òun náà ni. Ẹ kú ojú lọ́nà.”

“Bọ́ bàtà rẹ. N ò fẹ́ kí yìnyín gúúsù yọ́ sórí ilẹ̀ mi.”

Ó ti kúrú sí i. Ṣáàlì rẹ̀ wà lórí rẹ̀ bí ìgbà gbogbo, ó ń gé wàrà líle sínú ife kí ó tó da kọfí gbígbóná lé e lórí. Ó fi ọ̀bẹ fá ẹran gbígbẹ sínú àwo. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú láàárín ọdún náà, ó gba àkókò díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀sán tí kì í ṣe ọ̀sán, tí ojú sánmà kàn ń di aró fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tún ṣú, Issát jáde lọ wo kámẹ́rà. Orí òpó kan tí kò ga ju àyà lọ ló wà, kí Risten lè máa nù ún. Dígí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Wáyà kò já, ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná ń ṣiṣẹ́, àpótí òòfà wà níbi tó wà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Lórí ìṣó kan lára òpó náà, fìlà awọ àgbọ̀nrín kan so rọ̀, wọ́n rán an roboto, wọ́n tẹ́ koríko sínú rẹ̀. Ó rò pé nítorí ìjì yìnyín ni. Ó tilẹ̀ wú u lórí. Ó padà wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ti kú.

“Kò sí ohun tó ṣe é,” ni ó wí.

“Kí ló fẹ́ ṣe é?” ni Risten dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọrun ìmọ́lẹ̀ kan yọ sí àríwá, ó tẹ̀ láti orí igbó dé orí adágún, ó dúró bí ẹni tó ń sinmi. Issát gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìdáná. Àwòrán àgbàlá ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, sánmà roboto bí àwo, ìlà aláwọ̀ ewé kan gba àárín rẹ̀ kọjá, etí òrùlé ilé wọn yọ díẹ̀.

“Ó hàn kedere,” ni ó wí.

“Láti ojú fèrèsé lèmi ti ń wò ó, lọ́fẹ̀ẹ́.” Risten ń hun ìbọ̀wọ́, kò gbójú sókè.

Nígbà tó ṣe, ìsàlẹ̀ ọrun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yòò. Ó ká kò, ó nà, ó tún ká kò bí ejò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fọ́ yángá sí gbogbo òkè ilé. Àwo orí tábìlì di aláwọ̀ ewé. Issát wo aago. Sátẹ́láìtì kù díẹ̀ kí ó dé. Inú rẹ̀ dùn, irú ìdùnnú tí kò bá a láti ọjọ́ pípẹ́.

“Ẹ wá wò ó, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ wá wò ó!”

Risten ti dìde. Ó gbé ìbọ̀wọ́ kalẹ̀, ó so ṣáàlì lábẹ́ àgbọ̀n, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó jáde bí ẹni tó fẹ́ lọ ká aṣọ kí òjò tó dé. Issát gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí yìnyín. Àwòrán kan wọlé, gbogbo sánmà ń jó nínú rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e dúdú. Èyí tó tún tẹ̀ lé e dúdú bí inú ìkòkò.

Ilẹ̀kùn ṣí. Risten gbọn ẹsẹ̀, ó jókòó, ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

“Kí lẹ lọ ṣe níta?”

“Mo lọ dé e ní fìlà.”

“Kámẹ́rà?”

“Kí ló tún wà nínú àgbàlá mi tó ní orí?”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí o ti gbé e wá. O ní kí n máa nu yìnyín kúrò lójú rẹ̀, mò ń nù ún. O ò sọ pé kí n jẹ́ kó máa ranjú mọ́ nǹkan.”

“Ẹ ò sọ fún mi, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ọdún yìí.”

Risten gbójú sókè. Ìyàlẹ́nu tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn.

“Kí n sọ kí ni fún ọ? Ìyá kan náà ló bí wa. Mo rò pé o mọ̀. Ọjọ́ tí o gbé e dé, mo sọ nínú ọkàn mi pé, Issát ọlọ́gbọ́n, ó gbé ojú yìí wá sílé wa kó lè rí ẹni tí á máa bò ó.”

Issát pa kọ̀ǹpútà dé. Gbogbo ‘kùrukùru’ tó ti kọ láti ọdún wọ̀nyí ń kọjá lójú rẹ̀, alẹ́ tó mọ́ kedere, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, àti obìnrin kan tó ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí yìnyín nínú òtútù tó lè la igi.

“Àwọn tó wà lókè ńkọ́?” ni ó béèrè. “Ta ló ń dé sátẹ́láìtì ní fìlà?”

“Àwọn yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ta ló bínú rí pé wọ́n wo ẹ̀yìn òun? Ojú ni a kì í wò.”

Ẹ̀rín pa Issát. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì tán an lókun. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọjọ́ Ajé, orí òkè ní Norway, oríta tí Reijo á ti máa yí padà. Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ kò dúró lọ́wọ́ Risten.

“Ìgbà òtútù kan yìí nìkan,” ni Issát wí. “Ẹ jẹ́ kó wò ó lẹ́ẹ̀kan péré pẹ̀lú sátẹ́láìtì lókè. Wọn ò ní gbé e lọ mọ́.”

“Issát, ó ti rẹ̀ mí. Igi tí mò ń là ti rẹ̀ mí, omi tí mò ń pọn ti rẹ̀ mí. Èmi náà ti ro ọ̀rọ̀ Sámmol, má rò pé n ò rò ó. Ṣùgbọ́n kí n dùbúlẹ̀ sínú ilé ìyá mi, kí ohun tó wà nínú àgbàlá mi máa ranjú mọ́ ìmọ́lẹ̀ náà bí ọmọ tí wọn ò kọ́! Oorun ò ní kùn mí. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọ̀nà lọ, kí wọ́n gbé e.”

Ó lọ sùn. Issát jókòó títí iná ààrò fi kú.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí Risten wà nínú àká igi, Issát yọ fìlà awọ náà kúrò lórí ìṣó, ó ki í bọ abẹ́ aṣọ nínú àpò rẹ̀. Nítorí Risten ni, ó ń sọ fún ara rẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo péré. Bó bá bínú, yóò bínú nínú ilé ara rẹ̀, kò ní bínú lójú fèrèsé tí wọ́n ti ń ka ọkọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ tètè yọ ní ìrọ̀lẹ́ náà. Kò pẹ́ nípò ọrun rárá; ó fọ́ kíá, ó pọ́n létí, ó ń sáré. Aago Issát ní sátẹ́láìtì ti gba orí òkun gúúsù kọjá, ó ń bọ̀. Risten so ṣáàlì, ó jáde. Issát kò gbójú kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Àwòrán wọlé, ó ń dán. Òmíràn wọlé, ó ń dán. Irú èyí tí kò tíì rí láti ibẹ̀ rí. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn.

Ó dìde lọ sí ojú fèrèsé.

Risten dúró ti òpó. Ó fọwọ́ wá ìṣó, ó wo ilẹ̀ yíká òpó, ó fi ẹsẹ̀ tú yìnyín. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ àgbọ̀n ara rẹ̀, ó tú ìdè ṣáàlì rẹ̀. Ó ṣí i kúrò lórí, ó tẹ́ ẹ lé kámẹ́rà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Irun rẹ̀ fọ́nká, ó fẹ́lẹ́, ó funfun. Ìmọ́lẹ̀ orí rẹ̀ sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé. Láti ìgbà tí Issát ti dáyé, kò rí orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìhòòhò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn rí. Irun obìnrin ni ìyá wọn máa ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ náà kọ́kọ́ ń dì mú. Risten mọ̀ ọ́n ju òun lọ, ó sì dúró síbẹ̀, ó tẹrí ba, bí ẹni tó ń dúró de ẹgba.

Issát kò mọ ìgbà tó tú àpò rẹ̀ ká. Ìgbà tó máa fura, ó ti wà níta, fìlà awọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sáré bí eékún rẹ̀ ti mọ. Ó gbé ṣáàlì kúrò, ó fi fìlà dé kámẹ́rà, ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ṣáàlì bo orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìka rẹ̀ kò lè so ó. Risten gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó so ó.

“Olè,” ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. “Olè tí kò wọ bàtà.”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Dákẹ́. Ó ń gbọ́.”

Wọ́n dúró. Lórí òpó náà, lábẹ́ awọ àti koríko, kámẹ́rà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ṣì ń ya òkùnkùn: tà, tà, tà, ohùn kékeré kan tí wọ́n dí lẹ́nu. Issát gbọ́ ọ, nǹkan kan sì já sílẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹni. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ ìgbà tí sátẹ́láìtì kọjá lókè wọn. Kò gbójú sókè. Ó tẹrí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí Risten fi fà á lápá, tó ní kí ó wọlé kí òtútù má baà jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n á fi gé e.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lọ ṣí àká. Katakata Dommá jókòó sínú eruku, eku ti jẹ ìdajì àga rẹ̀. Reijo tó ń kọjá dá sí i, ó fi wáyà fa iná láti ara ọkọ̀ tirẹ̀, ó ń bú u bó ti ń ṣe é. Katakata náà wúkọ́, ó kú, ó wúkọ́, ó dìde.

Risten yọrí lẹ́nu ọ̀nà. “Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?”

“Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí.”

“Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé o ṣì ń mí?”

“Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó wọlé, ó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé òtútù ló bà á jẹ́ àti pé òun ti tún un ṣe, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó pa á rẹ́. Risten gbé kọfí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wàrà wà nínú rẹ̀. Níta, katakata ń gbọ̀n, èéfín rẹ̀ ń gòkè tààrà nínú òtútù. Nígbà tí kọfí náà tán, ó kọ èyí, ó sì fi í ránṣẹ́:

“Tuulikki, ọ̀gá mi, kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà náà. Kùrukùru kọ́ ni mo kọ ‘kùrukùru’ sí, ẹ̀gbọ́n mi ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti le, ó máa ń dé e ní fìlà, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa, n kò sì ní sọ pé kó má ṣe é mọ́. Ẹ wá gbé e lọ sórí òkè tí ẹ rí yẹn, yóò ríran dáadáa níbẹ̀. Ẹ má retí mi padà. Yìnyín pọ̀ lójú ọ̀nà ilé wa, ó gùn láti oríta, èmi ni màá máa gbá a. Issát.”